Ka Ìbéèrè Náà ní Yorùbá Kí O Tó Kọ x

Ìdánwò oníwèé mẹ́wàá kì í dúró de ẹni tí kò tètè lóye ohun tí wọ́n bi í. Nínú ìṣirò ti WAEC, ìbéèrè 50 ló wà nínú ìwé àkọ́kọ́, wákàtí kan ààbọ̀ sì ni àkókò rẹ̀. Ìwé kejì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ síta kí olùdánwò lè rí i, gba wákàtí méjì ààbọ̀. Bí o bá fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní x + 5 = 12, wọn yóò dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé 7 ni. Ṣùgbọ́n fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́, kí o ní iye kan wà tí ó di 12 nígbà tí a fi 5 kún un, wàá rí i tí wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìbéèrè, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi ń rò ó lọ́kàn. Bí Yorùbá tí wọ́n fi ń rò ó bá wọ́, x yóò jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní àsìkò tí gbogbo ilé ń tún áljẹ́brà àti ìṣeéṣe yẹ̀ wò fún ìdánwò àṣekágbá yìí, àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ka ìṣirò ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máàkì ń bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú yíyọ. “Yọ 5 kúrò nínú iye kan.” 5 ni a kọ́kọ́ gbọ́, ọwọ́ ọmọ a sì yára kọ 5 − x. Àṣìṣe ni. Iye tí a ń yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, nítorí náà x − 5 ni. Yorùbá ní ọ̀nà tí ó fi ń tún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tò, èyí sì ni mo ń rọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n sọ di àṣà: ẹ fi “mú” bẹ̀rẹ̀. Mú iye náà, yọ 5 kúrò nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe jáde lẹ́nu báyìí ni àmì ṣe máa tò lórí ìwé. Bákan náà ni pípín. “Mú iye náà, pín in sí ọ̀nà mẹ́ta” kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣìnà kọ 3/x nígbà tó yẹ kó kọ x/3.

Ìlànà “mú” yìí ló tún máa ń fi ibi tí àkámọ́ wà hàn wá. Mú iye kan, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí o wá fi 3 kún un: 2x + 3 nìyẹn. Mú iye kan, fi 3 kún un, kí o wá sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì: 2(x + 3) nìyí, tí í ṣe 2x + 6. “Gbogbo rẹ̀” ni àkámọ́ ní ẹnu Yorùbá. Ọmọ tí ó bá fo “gbogbo rẹ̀” nígbà tó ń kàwé yóò fo àkámọ́ nígbà tó bá ń kọ ọ́, yóò sì pàdánù 3 kan láìmọ ibi tó gbà lọ.

Èyí tó le jù nínú ọ̀rọ̀ àkámọ́ ni 10 − (x − 4). Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ pé àmì inú àkámọ́ máa yí padà, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ìdí. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Wọ́n ní kí o yọ iye kan tí ó dín 4 kúrò nínú 10. O wá yọ odidi x. Ohun tí wọ́n ní kí o yọ kò tó x, ó fi 4 dín sí i. O ti yọ 4 lé, 4 náà sì gbọ́dọ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí ó fi di 10 − x + 4, tí í ṣe 14 − x. Àmì kò ṣàdédé yí. Ohun tí a yọ lé ni a dá padà.

Dídá padà yìí gan-an wà nínú orúkọ ẹ̀kọ́ náà. Láti inú èdè Lárúbáwá ni áljẹ́brà ti wá, láti inú àkọlé ìwé tí onímọ̀ ìṣirò al-Khwarizmi kọ ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820. “Al-jabr” jẹ́ kí a dá ohun tó yẹ̀ padà sípò. Bí x − 5 = 7, wọ́n ti yọ 5 kúrò lára x; dá a padà fún x, kí o sì fi 5 kan náà kún òdìkejì kí ìdọ́gba má bàa yẹ̀. x = 12. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sọ pé “bó bá ti sọdá, àmì rẹ̀ a yí.” Ọ̀rọ̀ náà yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn, torí ó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ pamọ́. Kò sí nǹkan kan tó sọdá. Ohun tí a ṣe sí ọ̀tún ni a ṣe sí òsì.

Ó yẹ kí yíyọ rọ ọmọ Yorùbá lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí inú yíyọ ni òǹkà wa ń gbé. Márùndínláàádọ́ta ni 45: 50 tí ó dín 5. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ni ogún mẹ́ta tí ó dín 10. Ẹni tó pe márùndínláàádọ́ta ti ṣe ìlọ́po lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti yọ lẹ́ẹ̀mejì: (20 × 3) − 10 − 5. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náà ńkọ́? Igba mẹ́ta tí ó dín 100 ni. Ọmọ tí a kọ́ láti tú orúkọ òǹkà palẹ̀ báyìí ti ń ṣe áljẹ́brà kí ó tó rí x rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún “lé” àti “dín,” torí iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe. “Ogún ó lé márùn-ún” jẹ́ 25 gééré. “Ó lé ní ogún” kò sọ iye kan pàtó: ohun tó sọ ni pé x > 20. “Ogún ó dín márùn-ún” jẹ́ 15, bẹ́ẹ̀ “kò dín ní ogún” jẹ́ x ≥ 20. Ẹ wo bí “ní” kékeré yẹn ṣe sọ àròpọ̀ àti àyọkúrò di ìfiwéra. “Tó” náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ torí ó ṣe kedere. Owó tí kò tó 1,000 kéré sí 1,000. Owó tó tó 1,000 lè jẹ́ 1,000 gan-an, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, “kò tó” ni <, “ó tó” ni ≥. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé “ó tó bí ẹgbẹ̀rún,” ìfojúbù ni, kò sí àmì fún ìyẹn nínú ìbéèrè yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá: “ó fi ìlọ́po mẹ́ta jù ú lọ.” “Ó fi mẹ́ta jù ú lọ” yé mi: x + 3. “Ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀” náà yé mi: 3x. Nígbà tí a bá da méjèèjì pọ̀, ẹni tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí yóò fi 3x kún x, yóò sì rí 4x, nígbà tó jẹ́ 3x ni ẹni tó sọ ọ́ ní lọ́kàn. Ẹ mú ìbéèrè ọjọ́ orí tí ìdánwò fẹ́ràn: ọjọ́ orí bàbá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ọmọ rẹ̀, bó bá di ọdún 12 sí i, yóò jẹ́ ìlọ́po méjì. Ọmọ jẹ́ x, bàbá jẹ́ 3x. Nígbà tó bá yá, bàbá á di 3x + 12, ọmọ á di x + 12, a ó sì kọ 3x + 12 = 2(x + 12). Ọmọ jẹ́ ọdún 12, bàbá jẹ́ 36. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń ṣubú níbẹ̀ ni pé wọ́n á fi 12 kún ọjọ́ orí bàbá, wọ́n á gbàgbé pé ọmọ náà ń dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹ̀bùn tí èdè wa ní tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní bíi tiwa, ìyẹn àpètúnpè. “Olùkọ́ fún àwọn ọmọ ní ọsàn mẹ́ta.” Ọsàn mẹ́ta péré ni, bí wọ́n ṣe máa pín in kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. “Olùkọ́ fún àwọn ọmọ ní ọsàn mẹ́ta mẹ́ta.” Bí àwọn ọmọ bá jẹ́ n, ọsàn ti di 3n. Nínú pípe òǹkà lẹ́ẹ̀mejì, ìlọ́po ti dé. Ọ̀nà yìí ni a fi mọ iye ọmọ ayò: ihò 12, mẹ́rin mẹ́rin, 48. Bí ọsàn bá jẹ́ 20, tí àwọn ọmọ gba mẹ́ta mẹ́ta, tí ó sì ṣẹ́ ku méjì, 3n + 2 = 20 ni, àwọn ọmọ sì jẹ́ 6. Ẹ má sì ṣe da “mẹ́ta mẹ́ta” pọ̀ mọ́ “mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.” Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sọ nǹkan di ìlọ́po, gbogbo mẹ́ta tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ láìku ọ̀kan ló ń tọ́ka sí.

Ọ̀rọ̀ ìdá kò ní gbà wá lákòókò. “Ìdámẹ́wàá” ti mọ́ wa lára, ọ̀kan nínú mẹ́wàá ni. Nítorí náà ìdámẹ́ta jẹ́ 1/3, kì í ṣe 3 lára ohunkóhun. Bí ẹ bá fẹ́ 2/3, ẹ sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ó ku ìṣeéṣe. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, “ó ṣeé ṣe” kò ju pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀. Nínú ìṣirò, ìṣeéṣe jẹ́ iye kan tí kò dín ní 0, tí kò sì ju 1 lọ. Ohun tí kò ṣeé ṣe jẹ́ 0. Ohun tí kò lè ṣàì ṣẹlẹ̀ jẹ́ 1. Ọmọ tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ 9/7 ti mọ̀ pé òun ṣìnà kí olùdánwò tó sọ fún un. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé nǹkan kan sún mọ́ kí ó ṣẹlẹ̀ ju kí ó má ṣẹlẹ̀ lọ, kí ó sọ pé ìṣeéṣe rẹ̀ ju ìdajì lọ.

Kíka ọ̀nà tí nǹkan lè gbà ṣẹlẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí babaláwo fi ń dífá ní awẹ́ mẹ́jọ, ọ̀nà méjì sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà ṣubú, ó lè dójú dé, ó sì lè ṣíjú sókè. Ẹ sọ 2 di ìlọ́po méjì léraléra títí yóò fi kan awẹ́ kẹjọ, 256 ni, iye Odù Ifá gẹ́lẹ́: ojú odù 16 àti ọmọ odù 240.

“Tàbí” ni kí ẹ ṣọ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá iyán tàbí ọkà lo fẹ́ jẹ, ọ̀kan ni wọ́n ń retí kí o mú. Tàbí ti ìṣirò gba méjèèjì pọ̀. Nínú nọ́ńbà 1 sí 10, wọ́n ní kí a mú ọ̀kan láìṣàyàn: kí ni ìṣeéṣe pé 2 tàbí 3 yóò pín in láìṣẹ́kù? Àwọn tí 2 pín jẹ́ márùn-ún, àwọn tí 3 pín jẹ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n 6 wà nínú àwọn méjèèjì, a kò sì gbọ́dọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. 7/10 ni, kì í ṣe 8/10.

Gbólóhùn tó kù ni “ó kéré tán.” Àpò kan ní bọ́ọ̀lù pupa 5 àti funfun 3. A mú méjì láìdá ti àkọ́kọ́ padà. Pé méjèèjì yóò jẹ́ pupa: 5/8 × 4/7, tí í ṣe 5/14. Bí a bá dá ti àkọ́kọ́ padà ni, 25/64 ni ì bá jẹ́. “Láì” kékeré ló yí 5/8 kejì padà sí 4/7. Wọ́n wá béèrè pé, láìdá a padà, kí ni ìṣeéṣe pé ó kéré tán ọ̀kan jẹ́ funfun? Ẹni tó bá kà á bíi “ọ̀kan ṣoṣo” yóò rí 15/28, yóò sì gba òdo. Ó kéré tán ọ̀kan ni ọ̀kan tàbí méjèèjì. Ọ̀nà tó yá jù ni kí o bi ara rẹ pé kí ni kò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni: pé funfun kò sí níbẹ̀ rárá. Yọ ọ́ kúrò nínú 1: 1 − 5/14 = 9/14.

Kò sẹ́ni tó yẹ kó máa bẹ̀rù pé Yorùbá yóò fa ọmọ sẹ́yìn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ gbogbo, ìṣirò wà níbẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ yìí wé àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́, wọn kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka ìbéèrè kan lójúmọ́ sókè ní Yorùbá kí wọ́n tó kọ àmì kankan, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe bí ẹ ṣe ń tún iṣẹ́ wọn ṣe. Ẹ̀yin ọmọ tí ìdánwò ń bọ̀ fún, ẹ mú ìwé ìbéèrè ọdún tó kọjá lónìí, ẹ wá ibi tí “ó kéré tán,” “kò ju,” àti “kúrò nínú” bá farahàn nínú ìtumọ̀ yín, kí ẹ sì fàlà sí abẹ́ wọn.