Àbúrò Mi, Orúkọ Ìkànnì Rẹ Kò Gbọdọ̀ Wà Lọ́wọ́ Ẹlòmíràn

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ariwo. Mo ń rí bí ẹ ṣe ń tiraka láti Mowé dé Ìbàfò, títí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún ní Ifọ̀. Ẹ ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà, ẹ ń ránṣọ, ẹ ń ṣe kéèkì, ẹ sì ń fi íntánẹ́ẹ̀tì wá oníbàárà Èkó. Inú mi ń dùn sí i gan-an. Àmọ́ tí mo bá béèrè pé ta ló ni orúkọ ìkànnì tẹ́ ẹ̀ ń lò, ọ̀pọ̀ nínú yín á ní, "Bọ̀dá tó bá mi ṣe é ló mọ gbogbo ẹ̀." Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyẹn.

Bọ̀dá yẹn lè jẹ́ èèyàn dáadáa. Ó tún lè gba Kánádà lọ lóṣù tó ń bọ̀, kó pààrọ̀ nọ́ńbà, kí owó ọdún dómèènì, ìyẹn orúkọ ìkànnì náà, pé, kó má sì sí ẹni tó máa san án. NiRA, ìyẹn Nigeria Internet Registration Association, ló ń bójú tó àwọn orúkọ tó parí sí .ng, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn aṣojú tí wọ́n fọwọ́ sí lo ti máa rà á. Rí i pé orúkọ tìrẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín. Ímeèlì tó o sì máa fi forúkọ sílẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èyí tó wà lórí dómèènì yẹn kan náà. Ọjọ́ tí dómèènì bá kú, ímeèlì náà kú nìyẹn, ìkìlọ̀ kankan ò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Lẹ́yìn orúkọ ló kan àwọn àkọsílẹ̀ abẹ́ rẹ̀. O mọ bí ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ò ṣe ní nọ́ńbà ilé, tó jẹ́ pé ọlọ́kadà ni àlejò máa bi kó tó débi tó ń lọ? Iṣẹ́ tí DNS ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, láti ìgbà tí Paul Mockapetris ti gbé e jáde ní 1983. Àkọsílẹ̀ A ló ń tọ́ka sí kọ̀ǹpútà tí ìkànnì rẹ wà. MX ló ń sọ ibi tí ímeèlì máa gbà wọlé. TXT sì ni Google àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń kà kí wọ́n tó gbà pé lóòótọ́ ni lẹ́tà tó jáde lórúkọ rẹ ti ọ̀dọ̀ rẹ wá. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ yìí ti le sí i, torí Google àti Yahoo ti ń béèrè ẹ̀rí SPF tàbí DKIM, tí wọ́n máa ń kọ sínú TXT, lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kọ ímeèlì sí àwọn oníbàárà wọn. SPF kan ṣoṣo ni dómèènì gbọ́dọ̀ ní o. Tó o bá fi méjì síbẹ̀, méjèèjì bàjẹ́ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ orúkọ kan lo ní, o lè máa wọlé sórí ìkànnì aṣojú tó tà á fún ọ, kó o máa tẹ àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ìwọ tó o ti kọ́ Python, tí ọmọ ìyá rẹ, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ àti oníṣòwò mẹ́ta ládùúgbò ti wá gbé ìkànnì wọn lé lọ́wọ́, láíbúrárì ló yẹ kó o lò. Cloudflare, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó DNS wọn sí, ní ti Python tirẹ̀. boto3 wà fún àwọn tó ń lo Route 53 ti Amazon. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni octoDNS tí GitHub gbé jáde fún gbogbo ayé ní 2017. Inú fáìlì lo máa kọ gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ sí, á fi wé ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á sì fi ìyàtọ̀ hàn ọ́. Kò ní yí nǹkan kan padà àfi tó o bá fi --doit kún àṣẹ rẹ. Tí dómèènì bá sì ní àkọsílẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀, tí ìyípadà tàbí ìparẹ́ wá ju ìdá 30 nínú 100 lọ, á kọ̀ jálẹ̀, àfi tó o bá fipá mú un. Ìdí tí ọkàn mi fi balẹ̀ sí i nìyẹn.

Torí ewu wà níbẹ̀, àbúrò mi. Gbọ́ èyí dáadáa: ní Namecheap, tó ń ta dómèènì, àṣẹ setHosts kì í fi kún tàtijọ́. Ohun tó o bá fi ránṣẹ́ nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Ẹni tó fẹ́ fi TXT kan ṣoṣo kún un, tí kò kó àwọn yòókù mọ́ ọn, ti pa MX rẹ́ nìyẹn, ímeèlì oníbàárà ò sì ní wọlé mọ́. Fi getHosts kó gbogbo rẹ̀ jáde ná, tọ́jú ẹ̀dà kan, kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ṣé o rántí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, tí WhatsApp, Facebook àti Instagram lọ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà? Àṣẹ kan ni àwọn òṣìṣẹ́ Facebook pa nígbà tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Irinṣẹ́ tó yẹ kó dá àṣẹ náà dúró ní àléébù, kò dá a dúró. Ni ayé ò bá rí àwọn sáfà DNS wọn mọ́. Tírú ẹ̀ bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí owó àti ọ̀gá iṣẹ́ pọ̀ tó báyẹn, àyẹ̀wò ò lè pọ̀ jù fún wa.

Tókìnì, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí kóòdù rẹ á máa fi wọlé, ńkọ́? Ní Cloudflare, o lè ṣe èyí tó jẹ́ pé àkọsílẹ̀ DNS dómèènì kan ṣoṣo ló lè yí padà. Irú ẹ̀ ni kó o lò, má lo kọ́kọ́rọ́ àgbáyé tó ń ṣí gbogbo ilé. Má kọ ọ́ sínú kóòdù, má gbé e sórí GitHub, má sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp, bó ti wù kí ẹ mọra tó.

Tó o bá fẹ́ kó ìkànnì lọ sórí sáfà tuntun, wo TTL àkọsílẹ̀ rẹ, ìyẹn iye àkókò tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lè fi tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó tún un béèrè. Ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń kà á: 3600 jẹ́ wákàtí kan, 86400 jẹ́ ọjọ́ kan. Dín in kù sí 300, kó o sì jẹ́ kí iye àkókò ti tẹ́lẹ̀ kọjá pátápátá kó o tó kó lọ.

Mo bẹ̀ ọ́, tí iná bá dé lálẹ́ òní, kó o tó sùn, wo orúkọ tí wọ́n kọ sí dómèènì rẹ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín. Tí kì í bá ṣe tìrẹ, pe bọ̀dá yẹn láàárọ̀ ọ̀la, nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì ń wọlé.