Kí Orin Tó Jáde, Kí Olórin Tó Jáde Nílé

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ọmọkùnrin olórin kan ní àdúgbò wa gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. "Bàbá, ẹ bá mi wo fláyà yìí." Àwòrán rẹ̀ ló gba iwájú fláyà náà, nínú agbádá aláwọ̀ ewé, wọ́n sì to orúkọ ìlú sẹ́sẹ̀ rẹ̀: London, Manchester, Birmingham, Dublin. Mo kí i kú oríire. Ìgbà náà ló wá fohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ fún mi pé promota, ẹni tó ń ṣètò eré náà, ní kí òun fi mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà ránṣẹ́ fún físà kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé. Mo ní, "Ìwé àdéhùn dà?" Ó ní orí WhatsApp ni àwọn ti sọ ọ́. Mo ní, "Gbọ̀ngàn wo lo ti fẹ́ kọrin ní Manchester?" Ó yẹ fláyà náà wò lókè nísàlẹ̀, kò rí i.

Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí, àti nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń dá orin gbé jáde láìní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn. N kò ní kí ẹ má dá a ṣe. Àwọn bàbá wa dá a ṣe rí. Ní 1969, Haruna Ishola àti I.K. Dairo pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ àwo orin STAR Records sílẹ̀, kí owó orin lè máa wọ àpò ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tó di 1979, Haruna gbé sítúdíò Phonodisk kalẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Olórin àpàlà ni o, kì í ṣe lọ́yà. Sunny Adé náà bínú kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ African Songs tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ ìjà lórí téèpù àwọn orin tó ti kọ fún wọn délé ẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Téèpù ni wọ́n ń bá ara wọn fà nígbà náà. Lónìí, àkáǹtì àti páásíwọọ̀dù ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. DistroKid, TuneCore, CD Baby, èyí tó wù kí ẹ fi gbé orin lọ sórí Spotify, Apple Music àti Boomplay, ẹ ka àdéhùn rẹ̀ tán. CD Baby ń yọ ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé. Ọdọọdún ni DistroKid ń gba owó tirẹ̀. Bí ẹ kò bá san, tí ẹ kò sì ti san àfikún lórí orin náà, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò. Mo mọ olórin kan tí káàdì báńkì rẹ̀ kọ̀ láti san dọ́là. Kí ó tó wá ọ̀nà àbáyọ, orin tó ti ná owó fídíò lé lórí ti wábi gbà. Ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó rò bẹ́ẹ̀ o: ó ní kí ẹ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà bá òun gbé orin sórí àkáǹtì tirẹ̀. Orin náà gbajúmọ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ni owó ń wọlé sí títí di òní, ẹ̀gbọ́n ò sì gbé fóònù mọ́. Àwàdà kọ́ o: orúkọ tó wà lórí àkáǹtì lolówó mọ̀, kò mọ ohùn ta ni.

Kí ẹ tó kúrò ní sítúdíò, ẹ kọ ìwé ìpín. Ta ló kọ ọ̀rọ̀ orin? Ta ló ṣe bíìtì? Èló ni ti elégbè? Kí gbogbo rẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún, kí oníkálukú sì buwọ́ lù ú. Ọ̀rẹ́ ni yín lónìí, mo mọ̀. Ìgbà tí ẹ ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ ló dùn ún kọ.

Àwọn tó ń ta stream, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ńkọ́? Wọ́n á ní àwọn á fún yín ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rọ ló ń gbọ́ ọ, kì í ṣe èèyàn, Spotify sì ti ń mọ̀ ọ́n. Láti 2024 ni wọ́n ti ń bu owó ìtanràn lé orin tí stream èké bá pọ̀ lórí rẹ̀. Ọrùn ẹni tó bá yín gbé orin síbẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ so ó mọ́, òun náà á sì wá yín wá. Ọdún yẹn kan náà ni òfin wọn bẹ̀rẹ̀ pé orin tí kò bá tó stream 1,000 láàárín oṣù méjìlá kò ní gba kọ́bọ̀. Èèyàn 1,000 tó gbọ́ ọ tọkàntọkàn sàn ju òkìtì èké lọ, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò: àwọn olùgbọ́ gidi ló máa fi ìlú tí wọ́n wà hàn yín. Ẹ̀rọ kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ó kan ìrìnàjò náà wàyí. Owó físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba wọn lẹ ń san án fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe promota. Láti oṣù Kìíní 2024, ẹni tó fi orin ṣe iṣẹ́ lè fi físà àlejò lọ kọrin gba owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n àjọ tàbí ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé pè é kó tó gbéra, eré náà kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tó bá wọlé. Bí eré bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, físà iṣẹ́ ni, ẹni tó ní ìwé-àṣẹ láti ṣe onígbọ̀wọ́ ló sì máa fún un ní ìwé. Ẹ sì tún wo fláyà ọmọ wa yẹn: Dublin wà níbẹ̀. Dublin kò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì o! Físà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Promota tí kò mọ ìyẹn, kí ló mọ̀?

Ti Amẹ́ríkà tún le. Físà àlejò kò gbà yín láyè láti kọrin gbowó, ì báà jẹ́ òde ìyàwó ní Houston. Físà tí wọ́n ń pè ní P-3 ni wọ́n máa ń gbà fún iṣẹ́ àṣà bíi tiwa, ẹni tó wà lọ́hùn-ún ló sì máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìjọba fún yín, pẹ̀lú orúkọ onílù kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa la mọ àwọn tó ń ta ipò onílù fún ẹni tí kò mọ igi ìlù mú. Ọjọ́ tí aṣọ́bodè bá ní kó lu díẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa jìyà rẹ̀.

Owó náà ńkọ́? Ní oṣù Kẹsàn-án 1984, Fẹlá ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, wọ́n ní ó fẹ́ gbé owó pọ́ùn jáde láìtọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún un, 1986 ló tó rí ìta. Èmi wà lára àwọn tó gbà pé òṣèlú ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n fi rí i mú.

Owó tí wọ́n ń ná lé yín lórí ní òde London àti Houston, báàgì ló máa ń kún. Bó bá ti ju $10,000 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún aṣọ́bodè Amẹ́ríkà kí ẹ tó jáde, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fún ti Nàìjíríà nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Ẹ má pín in sínú àpò àwọn onílù láti fi yẹra fún òfin. Àpapọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ béèrè ìdajì owó yín kí ẹ tó kúrò nílé, kí tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ sì wà lọ́wọ́ yín. Páásípọ́ọ̀tù ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sùn lọ́dọ̀ promota.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn náà ni ọmọ wa béèrè orúkọ gbọ̀ngàn Manchester lọ́wọ́ promota rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, promota náà ti dínà mọ́ ọn lórí WhatsApp. Owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbádá aláwọ̀ ewé yẹn ló kù tó ń dà á láàmú, nítorí àwìn ló fi rán an.