Bí A Ṣe Ń Yọ Ìpín Alágídí Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà Àlòkù

Ẹ̀kọ́ wa lónìí wà fún gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ nílé, tí àyè inú rẹ̀ ń tètè kún.

Bọ̀ọ̀dá mi ra laptop àlòkù kan. Windows 7 ló wà lórí rẹ̀, hard disk rẹ̀ kò sì ju 80 GB lọ. Màmá mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn tó ń ta púpurú, èmi ni mo sì ń bá wọn tẹ àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ sínú laptop yìí. Lọ́jọ́ kan, laptop ní kò sí àyè mọ́. Ìpín C ti kún. Bẹ́ẹ̀, ìpín kan wà lẹ́yìn C tó jókòó sórí 11 GB, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í lò. Mo fẹ́ yọ ọ́, ó kọ̀ jálẹ̀.

Kí ni ìpín?
Hard disk dà bí ilẹ̀ oko. Ènìyàn lè pín ilẹ̀ kan sí ọ̀nà mẹ́ta, kó gbin ẹ̀gẹ́ sí apá kan, kó gbin ọ̀pẹ sí òmíràn. Ìpín kọ̀ọ̀kan ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní partition. Ìwé ààlà kékeré kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ hard disk tó ń sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́, MBR ni wọ́n ń pe ìwé yìí. Láti ọdún 1983 ló ti wà, ìpín àkọ́kọ́ mẹ́rin péré ló sì lè gbà.

Kí ló dé tó ń ṣagídí?
Ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi ìpín kan pamọ́, kí wọ́n lè fi tún Windows gbé kalẹ̀ bó bá bàjẹ́. Wọ́n á wá fi àmì sí i nínú ìwé ààlà. Bí Disk Management bá ti rí àmì yẹn, kò ní jẹ́ kí o rí Delete Volume tẹ̀. Kì í ṣe àìsàn o, ààbò ni. Nítorí náà, kọ́kọ́ bi ara rẹ bóyá o ṣì nílò ìpín náà. Ní tiwa, ẹni tó tà á ti fi Windows mìíràn sí i, kò wúlò fún wa mọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é
Ṣe ẹ̀dà gbogbo nǹkan rẹ sórí flash, kí o sì yọ flash náà. Jẹ́ kí bátìrì kún dáadáa, ẹ ṣáà mọ bí iná ṣe rí ní ìlú wa. Lẹ́yìn náà:

1. Tẹ Start, kọ cmd, fi bọ́tìnì ọ̀tún mouse tẹ̀ ẹ́, kí o mú Run as administrator.
2. Kọ diskpart, tẹ Enter.
3. Kọ list disk. Wo bí disk kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó.
4. Kọ select disk 0, bó bá jẹ́ òun ni hard disk rẹ.
5. Kọ list partition. Ìwọ̀n ni kí o fi dá èyí tí o fẹ́ yọ mọ̀.
6. Kọ select partition 3, tàbí nọ́ńbà yòówù tí tìrẹ bá jẹ́.
7. Kọ delete partition override. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló ń sọ pé kó má wo àmì náà mọ́.
8. Padà sí Disk Management, mú C, kí o tẹ Extend Volume. Àyè tó ṣófo náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn C gan-an, láìsí ìpín mìíràn láàárín wọn.

Ìpín tí Windows tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀ kò ní gbà. Má sì dán clean wò: gbogbo ààlà inú disk náà pátá ló ń pa rẹ́.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáràn
Èmi kò yọ flash o. Èyí tó wá burú jù ni pé, nítorí C ti kún, n kò ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ màmá mi. Ńṣe ni mo gbé e kúrò pátápátá lọ sórí flash. Ibẹ̀ nìkan ló wà láyé yìí. Nígbà tí mo dé ìgbésẹ̀ kẹrin, mo kọ select disk 1, torí mo rò pé ení ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ eéjì. Mo kọ list partition, mo rí ìpín kan ṣoṣo, tí kò tó 4 GB. Laptop wa ní mẹ́ta! Ara mi bu mọ́lẹ̀. Flash ni mo fẹ́ pa rẹ́, pẹ̀lú owó àwọn ìyá ọlọ́jà tó wà lórí rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o: láti òdo ni diskpart ti ń ka disk, ṣùgbọ́n láti ení ló ti ń ka partition. Kì í bi ọ́ léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá ti tẹ Enter, ó parí.

Ó parí, ṣùgbọ́n kò tán
Ẹni tó bá fẹ́ ta kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó gbọ́ èyí náà. Bí a bá fa ìwé ààlà oko ya, ẹ̀gẹ́ ṣì wà nínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì ṣe ń wà nínú hard disk lẹ́yìn tí a bá yọ ìpín, títí nǹkan mìíràn yóò fi gorí rẹ̀. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà ra hard disk àlòkù ní ọjà Èkó, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó lò wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Nítorí náà, yíyọ ìpín nìkan kò tó fún ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ rẹ̀. Àṣẹ clean all ló ń kọ òdo sí gbogbo ojú disk, ó sì máa ń gba wákàtí púpọ̀.

Laptop wa ti ní àyè báyìí, àkọsílẹ̀ màmá mi sì ti wà níbi méjì. Kí ẹ tó tẹ Enter, ẹ ka ìwọ̀n. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ tún un kà.