Àlejò Lójú, Ṣùgbọ́n Kò Fi Ríran: Ẹ̀kọ́ Láti Ìdànrè

Òwe tí a máa kọ́ lọ́tẹ̀ yìí ló wà lókè yẹn. Ìlú Ìdànrè ni mo máa fi ṣàlàyé rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí màmá mi, a sì máa ń lọ síbẹ̀ tá a bá gba họlidé.

Níbo ni Ìdànrè wà?
Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Àwa tá a wà ní Wuye mọ Àpáta Aso àti Àpáta Zuma, ṣùgbọ́n òkèèrè la ti ń wò wọ́n. Ní Ìdànrè, àárín àpáta gan-an ni ilé wà. Àtẹ̀gùn tó lọ sí ìlú àtijọ́ lórí òkè lé ní 600. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀. Ní 2007, wọ́n kọ orúkọ Òkè Ìdànrè mọ́ àwọn ibi tí UNESCO lè kà sí ogún gbogbo ayé.

Kí ni àlejò ń rí?
Àlejò máa ń pọ̀ lásìkò ọdún. Wọ́n á ka àtẹ̀gùn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní, "Háà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ibí ń jayé o!" Kò sírọ́ níbẹ̀, ìlú náà rẹwà. Láàárọ̀, kùrukùru máa ń bo orí òkè bí ìborùn.

Kí ni onílé mọ̀?
Láyé ogun, òkè ni ààbò wọn. Nígbà tí ogun tán, òkè yẹn kan náà di wàhálà. Ẹ rò ó wò: oko wà nísàlẹ̀, ọ̀nà mọ́tò wà nísàlẹ̀, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù gòkè. Ní nǹkan bí 1923, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó síbi tí wọ́n wà dòní.

Kòkó ni iṣẹ́ wọn jù. Bí àlejò ṣe ń ya fọ́tò, onílé wà lóko. Tí òjò bá rọ̀, omi á ya wálẹ̀ látorí àpáta. Onílé mọ ibi tó máa gbà, àlejò ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà mọ orúkọ gbogbo òkè tó yí ilé ká. Ó fẹ́ wá sí Abuja tó bá ṣe WAEC tán. Ìyá àgbà ní, "Ẹ máa lọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ má padà wá bí àlejò." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Òkè kan ṣoṣo ni èmi mọ orúkọ rẹ̀. Tí gbogbo wa bá lọ, ta ni yóò máa pe àwọn yòókù lórúkọ?

Ẹ fetí sí àmì ohùn
Àtẹ̀gùn: ohun tí a ń tẹ̀ gùn lọ sókè.
Atẹ́gùn: afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí wa lára.

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Ẹ pe àgbàlagbà kan nílùú yín. Ẹ béèrè orúkọ òkè kan, odò kan àti igbó kan lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì béèrè ìtàn wọn. Ẹ kọ ọ́ wá sípàdé wa tó ń bọ̀. A máa kà á síta.