Ẹ̀rọ Amúnáwá Lójú Òkun

Ìlá Ọ̀ràngún jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ìgbómìnà tí kò mọ afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Ẹni tí ó bá kíyè sí i yóò rí i pé òkè, igi àti ilé a máa dá afẹ́fẹ́ náà lọ́nà, kì í sì í dé ojúde wa pẹ̀lú agbára tí ó fi gbéra. Lójú òkun kò sí irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ará Dẹ́ńmáàkì fi gbé ẹ̀rọ amúnáwá 11 tí afẹ́fẹ́ ń yí sínú òkun ní Vindeby ní ọdún 1991. Àwọn ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ayé.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rọ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ ni a kọ́kọ́ ń wọ̀n, fún ọdún kan ó kéré tán, nítorí pé afẹ́fẹ́ ìgbà òjò kò rí bí ti ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ìyára afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ó bá dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni yóò kù. Àṣìṣe kékeré nínú ìwọ̀n yìí lè sọ owó ńlá di òfò. Lẹ́yìn èyí ni a ó yẹ ìsàlẹ̀ òkun wò, bóyá yanrìn ni tàbí àpáta, kí a tó mọ irú òpó tí yóò gba ẹ̀rọ dúró. A ó wo ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi àti ẹyẹ ń gbà. A ó sì bi àwọn apẹja léèrè. Lójú tèmi, èyí ni ó ṣòro jù: bí a bá fẹ́ rì irú òpó bẹ́ẹ̀ sí òkun Ìlàjẹ, níbo ni ẹni tí ń da àwọ̀n níbẹ̀ láti ayé baba rẹ̀ yóò lọ?

Wáyà abẹ́ òkun ni yóò gbé iná dé èbúté, kí ó tó bọ́ sórí òpó iná ìjọba àpapọ̀ títí dé Ìlá. Òpó yìí kan náà ni ó dákú lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024.

Kò tíì sí irú ẹ̀rọ yìí nínú òkun Nàìjíríà. Afẹ́fẹ́ etíkun wa kò sì le tó ti Òkun Àríwá tí ó wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Dẹ́ńmáàkì. Orí ilẹ̀ ni tiwa wà, ní Lambar Rimi, ní Ìpínlẹ̀ Katsina: ẹ̀rọ 37, tí agbára gbogbo wọn jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 10. Ọdún 2010 ni a gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ Faransé kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, àwọn agbébọn jí ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà gbé, iṣẹ́ sì falẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́ tí ó lè sọ irú èyí tẹ́lẹ̀.

Ètò tí ó pé a máa ka owó ìtúpalẹ̀ mọ́ owó ìkọ́lé, nítorí iyọ̀ òkun a máa jẹ irin. Ní ọdún 2017, lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n tú gbogbo ẹ̀rọ Vindeby kúrò nínú omi.