Orin Inú Fóònù: Bí Ó Ti Tóbi Tó àti Bí Ó Ti Ń Dún

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní orin nínú fóònù. À ń gbọ́ ọ lọ́nà oko, à ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù, a sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ó ti ṣàkíyèsí ohun kan. Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín lè ní orin kan náà, kí tirẹ̀ máa dún ketekete, kí tiyín sì máa dún bí ẹni pé omi wọ inú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì bínú sí fóònù yín. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fún orin náà pọ̀ jù kí ó tó dé ọwọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí orin ti ń wọ inú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò mọ orin. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Láti fi orin sínú àwo sídì, ẹ̀rọ a máa wọn ohùn náà ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, a sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣe é fún etí ọ̀tún, ó ń ṣe é fún etí òsì. Ẹ ò rí i pé nọ́ńbà náà pọ̀! Orin ìṣẹ́jú 1 péré a tó bíi MB 10 àti ààbọ̀. MB ni a fi ń wọn bí fáìlì ti tóbi tó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi kóńgò wọn gàrí. Òun náà ni à ń rà nígbà tí a bá ń ra dátà.

Bí ẹ bá ní àwo àpàlà àtijọ́ nílé, ojú rẹ̀ kan lè gba ìṣẹ́jú 20. Bí a bá gbé ojú kan yìí sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà ti sídì, yóò tó MB 211. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó yóò náwó sí dátà, fóònù ẹ̀gbọ́n náà yóò sì tètè kún. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń fún orin pọ̀.

Ọ̀nà méjì ni à ń gbà ṣe é. Ti àkọ́kọ́ dà bí ìgbà tí a ká agbádá sínú àpótí. Agbádá náà kò gba àyè púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá tú u, apá rẹ̀ pé, ọrùn rẹ̀ pé. Irú fáìlì tí a mọ̀ jù fún èyí ni FLAC, tí ó jáde ní 2001. MB 211 wa lè di bí 110 tàbí 130, kò sì ní sí nọ́ńbà kan tí ó sọnù.

Ti kejì yàtọ̀. Aránṣọ mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ibi tí ó rò pé ẹnikẹ́ni kò ní wò. MP3 nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ní ìlú Erlangen ní Jámánì wà lára àwọn tí ó ṣe é, Karlheinz Brandenburg sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 1995 ni wọ́n fún fáìlì rẹ̀ ní orúkọ yìí. Ọgbọ́n tí wọ́n lò wá láti inú etí ènìyàn. Nígbà tí ìyá ìlù bá ń dún kíkankíkan, ohùn kékeré tí ó wà nítòsí rẹ̀ kì í wọ etí wa. Bí etí kò bá gbọ́ ọ, kí ni a ń gbé e kiri fún? Wọ́n bá gé e dànù.

Ó dùn-ún sọ, kò dùn-ún ṣe. Brandenburg fi orin kan, Tom's Diner, tí Suzanne Vega ará Amẹ́ríkà kọ, dán iṣẹ́ náà wò. Ohùn obìnrin náà nìkan ni ó wà níbẹ̀, kò sí ìlù, kò sí gìtá. Níbẹ̀ ni àbùkù ti hàn, nítorí kò sí ohùn mìíràn tí yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún ìjálá tàbí rárà tí ẹnìkan dá sun pọ̀, kí ó rántí èyí.

Níbo wá ni kí a gé e dé? Nínú ètò tí a fi ń fún orin pọ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 64, 128, 192 àti 320. Iye kílóbíìtì tí a fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n. Bí ó ti kéré tó ni sísọ́ọ̀sì ti wọlé tó. Ní 320, ojú àwo wa yóò jẹ́ MB 48. Ní 128, yóò jẹ́ bí 19. Ní 64, kò ní pé 10.

Ní 64, ẹ ó ṣì gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ, ọ̀rọ̀ olórin yóò sì yé yín. Ohùn tín-ín-rín ti òkè ni ó kọ́kọ́ ń lọ: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á di ṣìì, agogo ò ní mú létí mọ́. Nítorí náà, ìwàásù tàbí ẹ̀kọ́ ìlera lè wà ní 64, kò burú. Àmọ́ lójú tiwa, MP3 orin ò gbọdọ̀ kéré sí 128; bí ó bá sì jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́ràn gan-an, ẹ jẹ́ kó di 192 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. (Irú fáìlì tuntun bí Opus, tí ó jáde ní 2012, tí WhatsApp fi ń gbé ohùn tí a bá sọ sínú rẹ̀, ń ṣe dáradára ju MP3 lọ ní ìwọ̀n kékeré.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Ohun tí a bá ti gé kì í padà. Àwọn kan á mú orin 64, wọn á yí i sí 320, wọn á ní àwọn ti tún un ṣe. Fáìlì tóbi lóòótọ́, dátà púpọ̀ sì lọ, ṣùgbọ́n ohùn kò dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bùbá ni wọ́n kó sínú àpótí agbádá. Èyí tí ó tún burú ni kí a fún MP3 pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Gígé lórí gígé ni. Ẹ kíyè sí i o: kí á kàn ṣe àdàkọ fáìlì láti fóònù kan sí òmíràn kò bà á jẹ́ rárá, kò dà bíi kásẹ́ẹ̀tì tí à ń dà láti ọwọ́ dé ọwọ́ láyé ijọ́un.

Ẹ wo ẹni tí ó ní kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá rẹ̀ olóògbé sun rárà sí. Ó gbé e lọ fún oníkọ̀ǹpútà, onítọ̀hún fi 64 ṣe é kí fáìlì má baà tóbi, wọ́n sì da kásẹ́ẹ̀tì nù. Bàbá ti lọ, kásẹ́ẹ̀tì ti lọ. Àjẹkù ohùn bàbá ni ó wà nínú fóònù.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbé kásẹ́ẹ̀tì tàbí àwo lọ, ẹ sọ pé FLAC ni ẹ kọ́kọ́ fẹ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì. Láti ara rẹ̀ ni kí ẹ ti máa ṣe MP3 fún fóònù. Kásẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́? Ẹ má sọ ọ́ nù.

Bí ẹ ò bá mọ èyí tí ẹ ó mú láàárín 128 àti 192, ẹ ṣe méjèèjì láti ara FLAC kan náà. Ẹ fi íápíìsì sétí, kí ọmọ yín máa yí wọn fún yín láìsọ èyí tí ó ń dún. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ máa fetí sí. Bí ẹ ò bá lè mọ ìyàtọ̀ wọn lẹ́yìn ìgbà 10, ẹ mú 128, kí ẹ fi àyè tó ṣẹ́ kù gba orin mìíràn.