Ìjàpá Odò Sundarbans àti Ọ̀ràn Túúbá

 

Ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo, Ọlọ́hun fi yé wa nínú Suuratul-An'aam, aaya 38, pé ìjọ bíi tiwa ni àwọn ẹranko. Ìjọ kan nínú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán: ìjàpá odò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Batagur baska. Igbó etí òkun tí a ń pè ní Sundarbans, níbi tí odò Ganges ti ń wọ òkun láàárín Íńdíà àti Bangladesh, ni ilé rẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n a máa kó ẹran àti ẹyin rẹ̀ lọ sí ọjà Kolkata. Orí iyanrìn etí omi ni ó ń yé sí, àwọn tí ń hú ẹyin sì mọ ibẹ̀.

Ṣé èèwọ̀ ni jíjẹ rẹ̀ ni? Ní ojú ọ̀nà Ìmáàmù Máálíkì tí àwa ń tọ̀, ẹ̀tọ́ ni ẹran inú omi. Ní ti Ìmáàmù Abu Hanifah, tí ọ̀pọ̀ mùsùlùmí Bangladesh ń tọ̀, ẹja nìkan ni a yọ̀ǹda. Ẹ wá wò ó: ọ̀pọ̀ ènìyàn ilẹ̀ náà kì í jẹ ẹ́, síbẹ̀ ó tán. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ lè tà á, àwọ̀n kò sì mọ ojú ọ̀nà ìmáàmù kankan.

Ní ọdún 2008, wọ́n rí 12 nínú adágún kan ní Sajnekhali, ní ìhà Íńdíà. Láti ara wọn ni wọ́n ti sin ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ní ọdún 2010, ẹyin pa ní ọgbà ẹranko Schönbrunn ní Vienna, ọmọ 2 péré. Bangladesh náà ń sìn ín ní Bhawal. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ rẹ̀ fi ń dàgbà kí òun náà tó yé. Iṣẹ́ yìí jọ ti ẹni tí Ànábì ní kí ó gbin ọ̀gbìn ọwọ́ rẹ̀, bí Ọjọ́ Àjíǹde tilẹ̀ dé bá a.

Ṣùgbọ́n ohun tí a gbà lọ́nà àìtọ́, túúbá rẹ̀ kò pé àfi bí a bá dá a padà. Ìjàpá inú adágún kò tíì padà sílé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, wọ́n tú 10 sínú odò, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fi ibi tí wọ́n wà hàn. Ọ̀kan gba ojú omi wọ Bangladesh, ọwọ́ apẹja sì bà á.